Ká, láàárín ìkápá àti àyíká

Nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tí à ń lò lójoojúmọ́ láìbojú wẹ̀yìn wò wọ́n, ká wà lára àwọn tí mo fẹ́ràn jù láti máa tọ̀ lẹ́yìn. A máa ń ká ẹní nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ejò a máa ká ara rẹ̀ jọ sábẹ́ òkúta, odi a máa yí ìlú ká, iṣẹ́ sì wà tí apá ẹni ká, òmíràn sì wà tí apá ẹni kò ká, tí a ó máa ké sí ará ilé àti ará oko kí wọ́n wá bá wa gbé e. Ẹní, ejò, odi, apá: ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé nǹkan kan gbéra, ó lọ, ó sì yípo padà wá bá ìdí ara rẹ̀. Yorùbá rí òbìrìkìtì nínú gbogbo wọn, ó sì fi ohùn òkè kan ṣoṣo sọ ọ́. Ohùn náà ṣe pàtàkì. Bí ó bá lọ sílẹ̀ tó di kà, ìwé tàbí owó ni à ń kà, èyí sì ní ìwà tirẹ̀: tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti jókòó tì í, á gòkè díẹ̀ láti bá a ṣe, a kì í sọ pé “ó kà ìwé”, “ó ka ìwé” ni. Ṣùgbọ́n ká kì í yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìbáà ṣe ẹní ló tẹ̀ lé e, ìbáà ṣe apá, òkè ló wà, òkè ni yóò wà.

Ohun tó mú mi wá sídìí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Big Room, ní ìlú Vancouver lórílẹ̀-èdè Kánádà, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún lépa àtimáa darí ìkápá .eco lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìkápá tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ilé fún gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ àyíká. Ìkápá àyíká. Ẹ pe méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn kí etí gbọ́ ohun tí ojú lè fò dá: ká ló wà láàárín ti àkọ́kọ́, ká náà ló wà ní ìparí ìkejì. Àwọn tó kọ̀wé lédè Gẹ̀ẹ́sì láti béèrè ìkápá náà kò lè rí i, nítorí ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n lò kò bá ara wọn tan. Nínú èdè tiwa, ọmọ ìyá ni wọ́n, wọ́n sì ń bá ara wọn jà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìkápá. Ẹni tó kọ́kọ́ fi í pe ibi tí orúkọ kan ti ń jọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò rọ ọ̀rọ̀ tuntun, ó kàn wọ inú yàrá lọ mú èyí tó ti wà nílé. “Apá mi ká a,” ni à ń sọ nígbà tí iṣẹ́ kò bá tíì ju agbára wa lọ. Ẹ kíyè sí i pé apá ni olùwà nínú gbólóhùn yẹn. Kì í ṣe èmi ni mo ká iṣẹ́. Apá mi ló lọ yí i po tí ọwọ́ ọ̀tún sì pàdé ọwọ́ òsì lẹ́yìn rẹ̀. Òṣùwọ̀n gidi ni, irú èyí tí ẹni tó fẹ́ gé igi ńlá máa ń lò kó tó gbé àáké: á kọ́kọ́ gbá a mọ́ra wò. Láti ibẹ̀ ni a ti dé kápá, ká pẹ̀lú apá, níbi tí a méjì ti kọlu ara wọn tí ọ̀kan sì pòórá. Nítorí pé fáwẹ̀lì kan náà ni wọ́n, ojú kò lè sọ èwo ló lọ, àfi ohùn: ohùn òkè ti ká ṣì wà níbẹ̀, ohùn àárín tó wà lórí a àkọ́kọ́ nínú apá ló dàwátì. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn àárín máa ń ṣe nínú ìpàrójẹ. Nínú ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni kì í jà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Nínú “apá mi ká a”, èmi ni mo ni apá. Nínú “mo kápá rẹ̀”, òun ló ni ín: rẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ìní ni, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an sì ni pé mo ká apá onítọ̀hún kò, mo dè é mọ́lẹ̀ bí ìjàkadì ṣe ń rí nígbà tí ọ̀kan bá ti rí apá èkejì dì mú. Ọ̀rọ̀ kan náà, apá ẹlòmíràn. Ìkáwọ́ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ọ̀nà kan náà kọjá (ká, ọwọ́, ọ ti ọwọ́ ló sì sọnù níbẹ̀). Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ohun kan wà ní ìkápá òun lè máa sọ pé òun gbá a mọ́ra, ó sì lè máa sọ pé òun dè é lápá. Èdè kò yàn fún un. Mo rò pé kò yàn nítorí pé àwọn tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ti gbé lábẹ́ ọba tó ṣe méjèèjì.

Bí ìkápá ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò yàtọ̀ sí bí a ṣe ń kọ àdírẹ́sì. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ará Otokiti a kọ orúkọ onílé, lẹ́yìn náà ojúlé, lẹ́yìn náà Otokiti, lẹ́yìn náà Lọ́kọ́jà, lẹ́yìn náà Ìpínlẹ̀ Kogí, kó tó wá fi Nàìjíríà kádìí rẹ̀, láti kékeré lọ sí ńlá. Ẹni tó ń gbé lẹ́tà kò ní kà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: orílẹ̀-èdè wo, ìpínlẹ̀ wo, ìlú wo, kó tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ojúlé. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ sí Lọ́kọ́jà ní 2011 ń jẹ́ fulokoja.edu.ng lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ẹ̀yìn náà ni ẹ̀rọ ti ń kà á: á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀rọ tó wà ní gbòǹgbò íntánẹ́ẹ̀tì pé níbo ni ng wà, ng á ní kó lọ bi edu, edu á wá júwe ibi tí fulokoja ń gbé. Dọ́ọ̀tì tó wà láàárín wọn, odi ni. Lẹ́yìn odi kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan wà tí apá rẹ̀ ká ohun tó wà nínú rẹ̀, tó ń kọ orúkọ tuntun sínú ìwé tó sì ń yọ èyí tí kò bá san owó ọdún. Fún .ng tí wọ́n fún Nàìjíríà ní 1995, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní NiRA ló wà ní ìdí rẹ̀ báyìí.

(Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Otokiti, òkìtì ni yóò kọ́kọ́ yọ sí i létí, pàápàá bó ṣe jẹ́ pé ìlú olókè ni Lọ́kọ́jà. Ẹ rọra. Ibi tí Ọ̀wọ̀rọ̀, Nupe, Bàsà Ǹge, Ìgálà àti Haúsá ti jọ ń ra iyọ̀ lọ́jà kan náà kì í ṣe ibi tí à ń fi àáké èdè kan ṣoṣo la orúkọ. Òkè Patí tó dúró lé ìlú náà lórí ti tó fi kọ́gbọ́n: patí ni Nupe ń pe òkè, ìdí nìyẹn tí Pàtígi fi jẹ́ òkè kékeré, gi tó kẹ́yìn rẹ̀ ló sọ ọ́ di kékeré. Àwa tí à ń wí pé Òkè Patí, òkè òkè là ń wí.)

Ìkápá .ng, orílẹ̀-èdè ló ni ín. Ti .eco kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2012 ni àjọ ICANN, tó ń bójú tó orúkọ àti nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì láti Amẹ́ríkà, ṣílẹ̀kùn pé ẹni tó bá fẹ́ ìkápá tuntun kó mú ìwé àti owó wá. Owó ìwé nìkan jẹ́ dọ́là 185,000, a kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Síbẹ̀ ìwé ìbéèrè 1,930 ló wọlé. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ló fẹ́ .eco. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí rárá ni àwọn ènìyàn ńlá ti ń gbè sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́: láti nǹkan bí 2009, Al Gore tó ti ṣe igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà rí wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ kan, àjọ Green Cross tí Mikhail Gorbachev dá sílẹ̀ sì wà lẹ́yìn Big Room. Ẹni tó ti jẹ olórí ìjọba Sófíẹ̀tì rí àti ẹni tó ti jẹ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, wọ́n tún bára wọn pàdé nídìí lẹ́tà mẹ́ta.

Bí ẹni tó fẹ́ orúkọ kan náà bá pọ̀, gbàǹjo ni ó sábà máa ń já sí: ẹni tí àpò rẹ̀ bá jìn jù ló ń gbé e lọ. Ọ̀nà kan wà tí a lè fi yẹra fún gbàǹjo. Olùbéèrè lè sọ pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń béèrè, agboolé kan ló rán mi. Wọn yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá agboolé náà wà lóòótọ́, bóyá ó mọ ara rẹ̀, bóyá ó ti ẹni tó rán lẹ́yìn. Máàkì mẹ́rìndínlógún ló wà nílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ yege gbọ́dọ̀ gba mẹ́rìnlá. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó gba ọ̀nà yìí ló ṣubú. Big Room, tí àwọn ẹgbẹ́ aláàbò àyíká bí WWF ti bá fọwọ́ sí ìwé, yege ní 2014, àwọn mẹ́ta yòókù sì padà sílé. Ní 2017 ni .eco ṣí fún gbogbo ayé.

Agboolé tí mo lò yìí, mo mọ̀ọ́mọ̀ lò ó ni. Agbo pẹ̀lú ilé ni, agbo sì ni òbìrìkìtì àwọn tó ń jó tàbí tó ń wòran, nítorí náà a ṣì wà lábẹ́ àkóso ká bí a kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni bí fáwẹ̀lì inú rẹ̀ ṣe bára wọn gbé. Nígbà tí ká àti apá pàdé, ọ̀kan lé ọ̀kan jáde. Nígbà tí agbo àti ilé pàdé, i ti ilé kò lọ síbì kankan. Ó kàn di o, ó gbé àwọ̀ aládùúgbò rẹ̀ wọ̀, ó sì jókòó tì í: agboolé, sílébù mẹ́rin, kò dín. Ìpàrójẹ ni àwọn onímọ̀ ń pe ti àkọ́kọ́, àrànmọ́ ni wọ́n ń pe ti ìkejì, bí wọ́n bá sì bi mí, mo máa sọ pé gbàǹjo ni ti àkọ́kọ́. Ìkápá tí wọ́n gbà nípa agboolé yẹ kó rántí bí ó ṣe gbà á, ó sì jọ pé Big Room rántí, torí kò sí ẹni tó lè gba orúkọ lábẹ́ .eco kó kàn máa lò ó lọ: ó ní láti kọ́kọ́ ṣèlérí fún ará ayé pé òun yóò ṣe dáadáa sí àyíká.

Àyíká, nígbà náà. À ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ì bíi ti ìkápá, ìyàtọ̀ yẹn kò sì kéré. Ì sábà máa ń mú ìṣe jáde, à a máa mú ohun tí ìṣe bí jáde: ìyípadà ni bí nǹkan ṣe ń yí, àyípadà ni ohun tó yí tán. Ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tí u kì í wúwo lẹ́nu wọn níwájú ọ̀rọ̀, a máa fi u sí ibi tí ará Ọ̀yọ́ fi i sí, uṣẹ́ fún iṣẹ́, ulé fún ilé. Ṣùgbọ́n à kì í yí padà lẹ́nu àwọn náà, àyíká ni lọ́hùn-ún, àyíká ni níhìn-ín. Ìkápá jẹ́ ohun tí à ń ṣe. Àyíká jẹ́ ohun tó ti wà kí a tó dé.

Èyí tó jinlẹ̀ jù wà láàárín rẹ̀. Yí àti ká kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe tí à ń sọ tẹ̀ lé ara wọn gbọnrangandan tí a bá ní àbọ̀. Àbọ̀ ni yóò jókòó sáàárín wọn. Odi yí ìlú ká. Wọ́n yí olè ká. Omi yí erékùṣù ká. Ìlú, olè, erékùṣù, àárín ni kóówá wọn wà, yí lápá òsì, ká lápá ọ̀tún, gbólóhùn fúnra rẹ̀ ti rọ̀gbà yí wọn ká. Nígbà tí a wá fi à síwájú láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, àbọ̀ náà kúrò níbẹ̀. À-yí-ká: ààyè ṣófo láàárín yí àti ká. Ta ló wà níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ kò dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá la ẹnu sọ àyíká ló wà níbẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ ní Vancouver wà láàárín, ẹni tó sọ ọ́ ní Otokiti wà láàárín.

Nídìí èyí ni ìjà tí mo wí wà. Nínú ìkápá, apá ènìyàn ló yí nǹkan ká. Nínú àyíká, nǹkan ló yí ènìyàn ká. Ká kan náà, ṣùgbọ́n a ti kúrò létí òbìrìkìtì bọ́ sáàárín rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní òun fẹ́ àyíká sí ìkápá òun, bí a bá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ní Yorùbá, ó ń wí pé kí ohun tó gbá òun mọ́ra wá bọ́ sí abẹ́ apá òun. Orúkọ nìkan ni apá rẹ̀ lè ká. Big Room ní .eco; kò ní igi kan.

Lọ́kọ́jà ti rí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, èyí sì nìdí tí n kò fi lè gbé ọ̀rọ̀ yìí jókòó síbòmíràn. Ní 1841 ni ọkọ̀ òyìnbó gba Odò Ọya gòkè wá sí ìpàdé Ọya àti Bẹ́núé, Samuel Àjàyí Crowther wà nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá Ìgálà, wọ́n dá oko àwòkọ́ṣe sí i, kò sì tó ọdún kan tí wọ́n fi kó ẹrù wọn lọ. Ibà ti pa púpọ̀ nínú wọn. Ilẹ̀ wọ inú ìwé, apá kò ká a. Ní 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé àṣẹ fún ilé-iṣẹ́ George Goldie, ó di Royal Niger Company, ó sì ní kóòtù, ó ní ọmọ ogun, ó ń gba owó orí ọjà lórí odò. Lọ́kọ́jà ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wà. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe kò ní orúkọ mìíràn ní Yorùbá ju ìkápá lọ, èyí tó ní apá ẹlòmíràn nínú, èyí tí ìjàkadì wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba àṣẹ náà padà, ó san £865,000 fún wọn, bí ẹni ra ojúlé lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1900, Lugard tí ìjọba náà rán wá ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́jà.

Orúkọ ilẹ̀ yìí ńkọ́? Àwọn tó ń mú àlejò gun Òkè Patí a máa sọ pé orí òkè náà ni akọ̀ròyìn Flora Shaw dúró sí, tó wo odò méjèèjì, tó sì sọ ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà. Ìtàn tó dùn ni, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù, ti ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 1897, ni orúkọ náà ti jáde lábẹ́ kálámù rẹ̀, ó sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀: orúkọ tí wọ́n ń lò, “àwọn ilẹ̀ Royal Niger Company”, ti gùn jù. Orúkọ ìkápá ilé-iṣẹ́ kan ló gé kúrú. Ọdún méjìdínlọ́gọ́rùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n tún gé e kúrú sí lẹ́tà méjì fún íntánẹ́ẹ̀tì, ó di ng. Ẹni tó bá ti ka Yorùbá ayé àtijọ́ á rẹ́rìn-ín síbẹ̀, nítorí ng ni àwọn baba wa fi ń kọ ohun tí à ń kọ ní n lónìí, “ng ó lọ” fún “n ó lọ”. Gbogbo àdírẹ́sì Nàìjíríà ń parí sí “èmi”, kò sì sẹ́ni tó pète bẹ́ẹ̀.

Ó ku eco fúnra rẹ̀. Gíríìkì ni, láti ara oikos, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ilé lọ. Ní 1866 ni Ernst Haeckel, ọmọ Jámánì, mú un láti fi rọ orúkọ fún ẹ̀kọ́ nípa bí ohun abẹ̀mí ṣe ń bá ibi tó ń gbé lò. Ibi tí Yorùbá ti rí òbìrìkìtì, Gíríìkì rí òrùlé. Síbẹ̀, a kò jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀, nítorí àwa náà ń pe ayé ní ilé ayé, a sì ń pe Big Room gan-an ní ilé-iṣẹ́, nítorí náà ilé kan ló fẹ́ máa ṣọ́ ilé. Ní ìpàdé odò, ọ̀rọ̀ ilé yìí a máa yí padà láàárín ìsọdá ọkọ̀ ojú omi kan: ará Ọ̀wọ̀rọ̀ tó ń sọ Yorùbá lápá ìhín, Ìgálà tó jẹ́ ìbátan èdè wa tí ń sọ pé unyi lódìkejì odò, Nupe tí ń sọ pé emi. Ìgálà àti àwa kò bára mu lórí ilé mọ́, ṣùgbọ́n lórí omi, a ṣì jọ ń sọ pé omi.

Omi àti ilé sì ni wọ́n jọ ṣe ọ̀rọ̀ tí Lọ́kọ́jà kò lè gbàgbé. Omíyalé. Ní 2012, àti ní 2022, nígbà tí òjò pọ̀ tí wọ́n sì ṣí omi ìdídò Lagdo sílẹ̀ ní Kamẹrúùnù, Bẹ́núé àti Ọya jọ kún wọ Adánkọ́lọ́ àti Gánájà, omi gba títì Lọ́kọ́jà sí Àbújá ní Kóton-Kàrfí, ọkọ̀ tò bí ẹ̀wọ̀n. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò. Omi tí à ń mu, ohùn àárín méjì ló ní. Kí ló wá gbé mí ròkè nínú omíyalé? Ohùn òkè tó máa ń bá olùwà lọ sídìí ọ̀rọ̀-ìṣe ni, ọ̀kan náà tó sọ ọmọ di ọmọ́ nínú Ọmọ́táyọ̀. Ó jẹ́rìí pé omíyalé kì í ṣe orúkọ tí a lẹ̀ pọ̀. Odindi gbólóhùn ni, olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe, àbọ̀, ohun tí ẹnì kan ké jáde lóru tí àwọn tó kù sì fi ṣe orúkọ. Ya ńkọ́? Ó lè jẹ́ ya ti aṣọ, tí nǹkan fi ń fà ya, bí odò ṣe ń ya bo bèbè. Ṣùgbọ́n ẹ rántí kà tí ń di ka lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé: yà, tí àlejò fi ń yà sílé ẹni, ohùn ìsàlẹ̀ ló ní, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ni yóò sì ti gòkè di ya. Nítorí náà, ohùn kò lè bá wa ṣèdájọ́ bóyá omi fa ilé ya ni, tàbí ó kàn yà wọlé bí àlejò tó mọ ọ̀nà. Ẹni tó ń gbé ní bèbè odò mọ̀ pé ó ti ṣe méjèèjì. Àyíká tó yí wọn ká wá jókòó sáàárín pálọ̀, ká sì ti pòórá nínú rẹ̀.

Mo ti rò ó wò pé ká ní ilé-iṣẹ́ kan láàárín wa fẹ́ béèrè ìkápá tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ àyíká ní Yorùbá, orúkọ wo ni yóò béèrè? Kì í ṣe àlá tí kò lè ṣẹ; oṣù Kẹrin 2026 ni ICANN dá fún ṣíṣí ilẹ̀kùn mìíràn, owó ìwé sì ti gòkè sí dọ́là 227,000. Àyíká gùn díẹ̀, ayé sì pọ̀ jù fún ẹnì kan. Bí ó bá jẹ́ pé Gíríìkì la fẹ́ tẹ̀ lé, ilé ni. Àmọ́ àwọn tó ń tẹ orúkọ sórí fóònù kì í tẹ àmì ohùn, wọn kì í sì í fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Lọ́wọ́ wọn, oko, ọkọ, ọkọ̀ àti òkò, ọ̀kan ni gbogbo wọn. Ilé àti ilẹ̀ á sì di ile. Lójú olùkọ́ èdè, àṣìkọ ni. Ṣùgbọ́n ìkápá tó bá tọ́jú ilé láìtọ́jú ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé kò tíì tọ́jú nǹkan kan, nítorí náà bí wọ́n bá ní kí n kọ ìwé ìbéèrè náà, .ile tí kò lámì ni mo máa kọ síbẹ̀, n kò sì ní jẹ́ kí wọ́n bá mi tún un ṣe.